Mazda Tó Ń Gbóná Lójú Ọ̀nà Kabba: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àbúrò mi kan ní Isanlu ra Mazda MX-5 ọdún 1991, oníjókòó méjì, èyí tí iná iwájú rẹ̀ máa ń yọ sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Tòkunbọ̀ Jámánì ni, ẹ́ńjìnnì 1.6 ló wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tún un ṣe, torí àwọn mẹ́káníìkì tó sún mọ́ ọn, Corolla àti Golf ni wọ́n mọ̀. Ó tó oṣù méjì tó fi ń bá ooru ẹ́ńjìnnì jà kó tó kàn sí mi. Èmi náà ní irú mọ́tò yìí ní Kabba, ojú mi sì ti rí. Ohun tó bi mí àti èsì tí mo fún un ni mo kó síbí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò mi ń gbóná. Bí mo bá gbéra ní Isanlu, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kí n tó kọjá Mopa dé Aiyetoro Gbede, ọwọ́ gééjì ooru á ti kúrò láàárín, á máa gòkè lọ. Mẹ́káníìkì kan ní kí n yọ táàmọ́sítáátì sọnù, kí n sì so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí láìdúró. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò. Má ṣe é. Ìmọ̀ràn yẹn ni gbogbo wa ń gbọ́ láti Kabba dé Egbe, mo sì mọ ìdí tó fi wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọwọ́ gééjì lè wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, oníbàárà á dúpẹ́, á bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó fa ooru náà ṣì wà níbi tó wà. Táàmọ́sítáátì ni ilẹ̀kùn tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi móoru tó. Tí ilẹ̀kùn yẹn bá ti lọ, kọ̀ǹpútà mọ́tò á máa rò pé òtútù ṣì ń mú ẹ́ńjìnnì, á máa da pẹtiróòlù sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Epo á máa jó ní ìjókujòó, plọ́ọ̀gì á dúdú, ọ́ìlì á tètè bàjẹ́.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, wo ìgbà tó ń gbóná. Ṣé nígbà tó dúró ni, àbí nígbà tó ń sáré? Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Mọ́tò tó ń gbóná nínú súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ ọjọ́ ọjà, tó wá ń tutù bó bá ti ń sáré, fáànù ni kí o fura sí. Èyí tí ara rẹ̀ balẹ̀ níbi tó dúró sí, tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà gbọọrọ ló ti ń gbóná, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáànù. Yálà atẹ́gùn ni kò ráyè gba ara rédíétọ̀ kọjá, tàbí omi ni kò ráyè gba inú rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni tìrẹ ti ń gbóná. Fáànù dáírẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kí o ṣe yẹn kò kan àìsàn tó ń ṣe é.

Ìbéèrè: Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe lè dán fáànù wò kí ọkàn mi lè balẹ̀, láìjókòó ti mọ́tò títí yóò fi gbóná?

Ìdáhùn: Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wá àpótí dúdú kékeré tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí. Ṣí ìdérí rẹ̀, wàá rí orúkọ ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìdérí náà. Fi wáyà kékeré kan so TFA mọ́ GND, kí o sì yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìtanná sí ẹ́ńjìnnì. Fáànù gbọ́dọ̀ yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá yí, wo fíúsì rẹ̀, wo rìlééè, kí o tó dá mọ́tọ̀ fáànù lẹ́bi. Fara balẹ̀ ka orúkọ àwọn ihò náà kí o má baà so èyí tí kò yẹ.

Ìbéèrè: Fáànù yí o, ó tiẹ̀ ń fẹ́ bí ìjì. Kí ló wá kàn?

Ìdáhùn: Rédíétọ̀ ló kàn. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí o lo àkókò rẹ jù.

Kọ́kọ́ wo ike tó wà lókè rẹ̀. Dúdú ló jẹ́ nígbà tó jẹ́ tuntun. Bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́, á pọ́n bí omi tíì, àwọn mìíràn á tiẹ̀ ya ewéko díẹ̀. Èyí tó bá ti pọ́n ti gbó, ó lè là nígbàkúùgbà, pàápàá níbi tí páìpù rọ́bà ti wọ inú rẹ̀. Má dán an wò pé ó ṣì lè tó ọdún kan sí i. Pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ike bá ṣì dúdú, wo ojú rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Fi iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí o wò ó láti iwájú. Ìmọ́lẹ̀ yẹ kó yọ láàárín àwọn abẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn. Tèmi, ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, òkùnkùn ni mo rí. Mo tú u sílẹ̀. Àárín rẹ̀ àti rédíétọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níwájú rẹ̀ kún fún ìyẹ́ tata, koríko gbígbẹ àti erùpẹ̀ pupa tó ti gan bí ògiri. Ojú ọ̀nà wa ni kó o wò: ọyẹ́ lápá kan, eruku tírélà sìmẹ́ǹtì Obajana lápá kejì, mọ́tò yìí sì rẹlẹ̀ débi pé gbogbo ohun tí tírélà iwájú bá gbé sókè, ẹnu rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Mo da omi sí i láti ẹ̀yìn wá síwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì pẹ́ kí omi tó ń jáde tó yé pọ́n. Má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò kí wọ́n fi ẹ̀rọ rọ omi lù ú o. Agbára omi yẹn á tẹ abẹ́ rédíétọ̀ pọ̀, á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, wo bẹ́líìtì tó ń yí jẹnẹrétọ̀ mọ́tò. Òun náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Bí ó bá ti dẹ̀, tó ń hàn gooro bí o bá tanná sí mọ́tò, omi kò ní yípo dáadáa.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé: bẹ́rẹ̀ wo abẹ́ imú mọ́tò. Ṣé ike pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, láti abẹ́ bọ́ńpà lọ sẹ́yìn títí dé abẹ́ rédíétọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Gbalasa ni. Mo dúró lẹ́yìn bọ́ńpà, mo rí ilẹ̀ láti òkè. Ẹni tí mo ra mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ike náà ń gbá ilẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ ọ́. Rédíétọ̀ náà sì dí bí ẹ ṣe wí. Ṣé ike lásán lè mú kí mọ́tò gbóná?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn kì í fẹ́ gba ibi tó há kọjá bí ọ̀nà tó gbòòrò bá wà nítòsí. Bí o bá ń sáré, atẹ́gùn á gba ẹnu iwájú wọlé. Tí ike yẹn bá wà, kò ní ibòmíì tó máa gbà ju ara rédíétọ̀ lọ. Tí kò bá sí, á gba abẹ́ rédíétọ̀ sá lọ sílẹ̀. Bí o bá ṣe ń sáré sí i ni ẹ́ńjìnnì á ṣe máa gbóná sí i, bí tìrẹ ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n sọ ike yìí nù nítorí pé ó fara gbá gẹ́lọ́ọ̀pù, torí ohun tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì ni.

Tuntun rẹ̀ ṣòro í rí níhìn-ín. Èmi gé tèmi lára dúrọ́ọ̀mù ike aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí a fi ń tọ́jú omi. Mo fi páálí wọn ìrísí rẹ̀ lábẹ́ mọ́tò ná, mo gé páálí títí ó fi bá a mu, kí n tó fi ayùn gé ike. Ike dúrọ́ọ̀mù máa ń fẹ́ ká kò, nítorí náà mo tẹ́ ẹ sínú oòrùn ọ̀sán, mo sì gbé búlọ́ọ̀kù méjì lé e lórí di ìrọ̀lẹ́. Lu ihò rẹ̀ níbi tí ihò bóòtù àtijọ́ wà, kí o fi wọ́ṣà fífẹ̀ sí i kí bóòtù má baà ya á. Jẹ́ kí etí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Bó bá gbá ilẹ̀, á tẹ̀, á tún padà sí àyè rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti bẹ̀rẹ̀ èyí. Ṣùgbọ́n mẹ́káníìkì yẹn tún yọjú lánàá, ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló ti lọ, pé kí n jẹ́ kí òun tú orí ẹ́ńjìnnì. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn: Kò tíì sí ẹ̀rí. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá lọ máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, ṣí ìdérí rédíétọ̀, tanná sí i, kí o sì máa wo omi inú rẹ̀. Hóró afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè jáde níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kò burú. Bó bá ń hó kututu láìdáwọ́ dúró, tí ẹ́ńjìnnì kò sì tíì gbóná, gáàsì ń wọ inú omi nìyẹn. Wo èéfín ẹ̀yìn: funfun tó nípọn, tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti móoru. Fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde wò bóyá ọ́ìlì ti dà bí tíì oní-mílíìkì. Ohun funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan kò tó ẹ̀rí, pàápàá bí o kì í bá wa mọ́tò jìnnà.

Tún yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o kọ́kọ́ yẹ ti ẹ̀yìn pátápátá wò. Nínú Mazda 323 ni irú ẹ́ńjìnnì yìí ti wá, ó dùbúlẹ̀ ní ìbú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú MX-5 tó jáde lọ́dún 1989, wọ́n yí i sí òòró, omi wá ń wọlé níwájú, ó tún ń jáde níwájú, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí silíńdà kẹrin, ti ẹ̀yìn pátápátá, fi máa ń gbóná ju àwọn tó kù lọ. Plọ́ọ̀gì tó bá mọ́ rekete bí ẹni fọ̀ ọ́, tí àwọn tó kù sì ní àwọ̀ erùpẹ̀, omi ló ń fọ̀ ọ́.

Bí o kò bá rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú orí ẹ́ńjìnnì rẹ.

Ìbéèrè: Kò hó, ọ́ìlì mọ́, plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra. Ọlọ́run ṣeun. Omi wo ni kí n wá dà sí i? Omi kànga ilé ni mo ti ń lò.

Ìdáhùn: Fi omi kànga sílẹ̀. Ohun tó ń di ẹfun funfun sí ìdí kẹ́tùlù nílé náà ló ń di ẹfun sínú rédíétọ̀. Lítà 6 ni gbogbo omi tó ń gbà. Ra kúláǹtì ògidì lítà 3, kí o fi omi bátìrì lítà 3 lù ú. Omi bátìrì ni mo wí o, kì í ṣe ásíìdì bátìrì. Ka ara ike rẹ̀ dáadáa kí o tó sanwó.

Nígbà tí omi bá ti tán nínú rẹ̀ yìí, yọ táàmọ́sítáátì wò. Gbé e sínú ìkòkò omi tútù lórí iná, fi òwú so ó rọ̀ kó má fara kan ìdí ìkòkò. Wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i lára, 82 tàbí 88, ìyẹn ìwọ̀n ooru tó fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kí omi tó hó. Bí omi bá hó yaya tí kò ṣí, ra tuntun. Bí o bá ń dá a padà, kí pín-ìnnì kékeré tó ń mì lára rẹ̀ wà lókè, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Ìbéèrè: Mo ti da omi tuntun sí i, ṣùgbọ́n lítà 4 àti díẹ̀ péré ló gbà.

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀, àti omi àtijọ́ díẹ̀ tí kò dà nù tán. Ilẹ̀ olókè wa wúlò níbi báyìí. Wa mọ́tò náà lọ síbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, kí imú rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹnu rédíétọ̀ lè ga ju gbogbo ibi tó kù lọ. Fa bíréèkì ọwọ́, gbé òkúta sẹ́yìn táyà. Dúró kó tutù, kí o tó ṣí ìdérí. Yí hítà sí ibi tó gbóná jù, tanná sí ẹ́ńjìnnì, kí o sì máa fi ọwọ́ fún páìpù rọ́bà òkè. Wàá gbọ́ gúlú-gúlú, omi á rọlẹ̀, ìwọ náà á dà sí i. Nígbà tí hóró afẹ́fẹ́ kò bá jáde mọ́, dé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tún ṣí i wò kí o tó jáde.

Ìbéèrè: Bó bá tún gbóná mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ńkọ́?

Ìdáhùn: Pa ẹ̀rọ amúlétutù, ṣí hítà sí gbígbóná pátápátá, kí fáànù inú ọkọ̀ máa fẹ́ gidi. Á ni ọ́ lára, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré kejì ni hítà jẹ́. Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pa á. Má ṣí ìdérí. Má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná: áluminíọ̀mù ni orí rẹ̀, ó lè tẹ̀ tàbí kó là. Dúró tó wákàtí kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo wà á lọ sí Kabba, mo bọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ọwọ́ gééjì kò kúrò lójú kan! Ṣé mo lè wà á lọ sí Lokoja ní Sátidé?

Ìdáhùn: Inú mi dùn gan-an. Dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní gbogbo àárọ̀ láàárín ìgbà náà, kí ẹ́ńjìnnì tó móoru, fi máákà sàmì sí ibi tí omi dé lára ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀. Bí àmì ọjọ́ márùn-ún bá wà lójú kan náà, máa lọ. Bí omi bá ń rìn wálẹ̀, kọjá sọ́dọ̀ mi ní Kabba kí a jọ wá ibi tó ń jò. Fọwọ́ kan àwọn páìpù rọ́bà hítà tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kí o tó wá, ibẹ̀ ni tèmi ti là.