Kí ẹ tó gbé Windows 11 sórí kọ̀ǹpútà ilé

Ẹ̀yin ará wa l'Óṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Ẹ̀rọ yín á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní dí ihò tuntun tí àwọn olè bá rí mọ́, àfi tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ìyẹn ètò àfikún àtúnṣe ààbò ti Microsoft.

Windows 11 nílò TPM, ìyẹn ṣíìpù ààbò inú kọ̀ǹpútà. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, kí ẹ kọ tpm.msc. 2.0 la fẹ́ rí níbẹ̀. Tó bá ní òun ò rí TPM, ó lè jẹ́ pé wọ́n pa á nínú BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí) ni: PTT ló ń jẹ́ lórí Intel, fTPM lórí AMD.

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ṣíìpù Intel tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ kò tó ìran kẹjọ (i5-7200U, 7 yẹn ni ìran rẹ̀) kò sí lórí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tí Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11. Ẹ má fi tipátipá gbé e sí i. 4GB RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) ni wọ́n ní ó tó. Lójú tèmi, 8GB ni kò ní fa bí ìgbín. Tó bá jẹ́ háàdì dísìkì tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, SSD (dísìkì tí kì í yí, tó sì yára jù ú lọ) ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ẹ da fáìlì yín sórí dísìkì mìíràn. Desktop tí kò ní UPS (bátìrì tó ń gbé iná dúró), ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá, torí tí iná bá lọ láàárín, Windows lè bàjẹ́. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ 10 lẹ ní láti padà: Settings, System, Recovery.