Ọwọ́ ọmọ ni kẹ́ ẹ fi yan ATV fún un

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọbìnrin mi lọ́jọ́ tí mo ra ATV àkọ́kọ́ fún un, ìyẹn mọ́tò kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gùn bí alùpùpù lórí pápá. Ẹ́ńjìnnì 110cc ló ní, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára sì sọ kedere pé ti ọmọ ọdún 10 sókè ni. Mo ka ìwé náà. Mo wá sọ ohun tí à ń sọ tá a bá ń ra bàtà fún ọmọ: "Kò séwu, á dàgbà bá a." Lọ́jọ́ kẹta, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lórí pápá, ó fẹ́ dúró, ó na ìka sí bíréèkì. Ìka rẹ̀ kàn fara kàn án ni, kò lè fà á. Ọgbà onígi tó wà lẹ́yìn mi ló dá a dúró. Egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Ó ti jinná tipẹ́, òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́ mọ́, àmọ́ èmi ṣì ń rí ìka kékeré yẹn bó ṣe ń nà, tí kò tó.

ATV kì í ṣe bàtà. Bàtà tó bá tóbi á bọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ parí. ATV tó bá tóbi kì í bọ́, ńṣe ló máa gbé ọmọ lọ síbi tó bá wù ú. Nígbà tó kan àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, bí ọmọ náà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo fi ra tiẹ̀, mi ò ro ti ọdún tó ń bọ̀. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò nílẹ̀ ná. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 má gun ATV rárá. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín torí pé èmi gbà fún ọmọ tèmi. Ẹ gbé e yẹ̀ wò nínú ilé yín, bàbá àti ìyá, kẹ́ ẹ tó náwó. Èyí tí kò lárìíyànjiyàn nínú ni ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà: kò sí ATV oníẹ́ńjìnnì kankan tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ ra kẹ̀kẹ́ fún un. Ọmọ tí kò bá tíì lè gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kó yà á sọ́tùn-ún sósì, kó sì dá a dúró síbi tẹ́ ẹ ní kó dúró, kò tíì tó ATV gùn, ì báà pé ọdún mẹ́jọ.

Ìwé tí mo kà tí mi ò kà sí yẹn, òun ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá lára mọ́tò. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń pín in: èyí tí kò tó 70cc jẹ́ ti ọmọ ọdún 6 sí 11, 70 sí 90cc jẹ́ ti ọmọ ọdún 12 sí 15. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń fi cc rà á títí dòní. Ṣùgbọ́n cc kò sọ bó ṣe lè sáré tó, torí náà ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà báyìí ń fi eré sísá pín in. Èyí tí wọ́n kọ 6+ sí lára kò gbọ́dọ̀ sáré ju máìlì 15 ní wákàtí kan lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 24, bó ṣe wù kí wọ́n tú u sílẹ̀ tó. Bí wọ́n bá sì ṣe ń gbé e jáde ní ilé iṣẹ́, máìlì 10 ni wọ́n ti dè é mọ́. Èyí tó jẹ́ 10+ lè dé máìlì 30. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, ìlọ́po méjì ni. Ìyẹn ni mo gbé ọmọ ọdún mẹ́jọ lé lórí.

Bí ẹ bá rí èyí tí kò ní ìwé kankan lára, tí olówó rẹ̀ ń sọ pé kò sí ọmọ tí kò lè gùn ún, ẹ fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ATV ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Láti 1988 ni àwọn tó ń ṣe é ti gbà pé àwọn ò ní tà á mọ́ ní Amẹ́ríkà torí bó ṣe máa ń takìtì, àmọ́ àwọn ògbólógbòó rẹ̀ ṣì ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Wàyí o, ẹ mú ọmọ náà dání lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á. Mo mọ̀ pé a máa ń fẹ́ fi ya ọmọ lẹ́nu, ká ti gbé e délé kó tó rí i. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn kì í fojú wọn ọwọ́ ọmọ. Ẹ wọ bàtà gígùn tó máa fi gùn ún fún un, kó wọ ìbọ̀wọ́ náà sọ́wọ́, torí ìbọ̀wọ́ máa ń dín bí ìka ṣe ń ká kù. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà ní pípa.

Ẹ ní kó gorí rẹ̀, kó dìde dúró lórí ibi ìtẹsẹ̀ méjèèjì, kó di ọwọ́ mọ́tò mú. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ìdí rẹ̀ àti ìjókòó. Ó yẹ kó tó ínǹṣì 3, kó má sì ju 6 lọ. Tí àlàfo yẹn kò bá sí, tó jẹ́ pé orí ìka ẹsẹ̀ ló fi ń nà kó tó dìde, mọ́tò yẹn ga jù ú lọ. Lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ẹsẹ̀ ọmọ ló ń gba gbogbo jìgìjìgì mọ́ ara rẹ̀. Ọmọ tí kò lè dìde lórí rẹ̀, ìjókòó ló máa sọ ọ́ sókè.

Kó wá jókòó. Kó yí ọwọ́ mọ́tò náà dé òpin lápá ọ̀tún, kó yí i dé òpin lápá òsì. Ọwọ́ tó jìnnà jù ni kẹ́ ẹ máa wò. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yẹ kó ṣì ká díẹ̀, kí ìdí rẹ̀ má kúrò níbi tó jókòó sí. Ọmọkùnrin mi yí èyí tá a kọ́kọ́ dán wò, ó sì di dandan kó fi gbogbo àyà tẹ̀ síwájú kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè bá a dé òpin. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ibi tó ká mi lára jù la dé yìí. Kí ọmọ gbé ọwọ́ síbi tó máa ń wà tó bá ń wa mọ́tò, kó wá na àwọn ìka rẹ̀ síwájú gbọọrọ. Ẹ wo ìka àárín. Oríkèé tó kẹ́yìn lára ìka náà, èyí tó súnmọ́ èékánná, gbọ́dọ̀ ti kọjá irin bíréèkì. Tí orí ìka nìkan ló dé ibẹ̀, ọwọ́ ọmọ yẹn kò tíì tó o. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Wọ́n máa ń ní síkúrúù kékeré kan lẹ́bàá irin bíréèkì tí ẹ lè fi fà á súnmọ́ ọwọ́ ọmọ. Ẹ bi wọ́n bóyá tiẹ̀ ní in. Ṣùgbọ́n síkúrúù kì í sọ ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà di ti ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo àtàǹpàkò rẹ̀ náà bóyá ó ń dé ibi tí wọ́n ti ń fún mọ́tò níná kó lè sáré láìjẹ́ pé ó tú ọwọ́ tó fi dì í mú, ì báà yí ọwọ́ mọ́tò sápá ibi yòówù. Tó bá jẹ́ èyí tó ní bíréèkì ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ ọmọ wà lórí ibi ìtẹsẹ̀, kó kàn tẹ iwájú ẹsẹ̀ nìkan, ó yẹ kó kàn án.

Kí ọwọ́ tó o nìkan kò tó, agbára ńkọ́? Èyí tí èmi ṣe rèé. Mo ní kí ọmọ mi jókòó, kó fa bíréèkì bó ṣe lè fà á tó. Èmi bọ́ sẹ́yìn, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, mo tì í síwájú. Mọ́tò kejì tá a dán wò, táyà rẹ̀ rọra ń yí, bẹ́ẹ̀ ojú ọmọ ti pọ́n, eyín rẹ̀ ti wà pọ̀ níbi tó ti ń fà á. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni táyà rẹ̀ kò yí rárá, tí mò ń tì í tí ilẹ̀ ń họ lábẹ́ rẹ̀, tí ọmọ ń wẹ̀yìn tó ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé mo lè fi sílẹ̀?" Mo ní kó tún un ṣe nígbà mẹ́wàá, torí ọwọ́ ọmọ máa ń rẹ̀. Òun la rà.

Kò sí bí ATV ṣe kéré tó tó fúyẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́fà pàápàá lè wúwo tó 100 kg, ọmọ fúnra rẹ̀ kò sì ju bíi 20 kg lọ. Tó bá dojú dé lé e, kò lè gbé e kúrò. Torí ìyẹn ni mo fi ń wá okùn ìpa-ẹ́ńjìnnì kí n tó wá ohunkóhun mìíràn. Orí kan wà lára mọ́tò, ẹ ó so orí kejì mọ́ ọwọ́ tàbí aṣọ ọmọ. Tí ọmọ bá ti jábọ́, okùn á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fà á yọ fúnra yín níbi tẹ́ ẹ ti ń rà á, kí ẹ́ńjìnnì wà lórí iṣẹ́, kẹ́ ẹ rí i pé ó kú lóòótọ́. Àwọn kan tún ní rìmóòtù tí òbí lè fi pa á láti òkèèrè. Ó dára, èmi náà ní i, àmọ́ bátìrì rẹ̀ lè kú nígbà tí ẹ kò retí. Ojú yín ni kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ bi wọ́n bákan náà nípa síkúrúù tó ń dín bí ọmọ ṣe lè fún mọ́tò níná tó kù, èyí tí kì í jẹ́ kí àtàǹpàkò ọmọ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ẹ yí i wọlé títí kó fi rọra máa rìn bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ yára lọ. Oṣù méjì gbáko ni mo fi jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ní jíà tí ọmọ ń yí fúnra rẹ̀ ló dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ má pín.

Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ wo ibẹ̀ fínnífínní: ṣéènì gbọ́dọ̀ ní ìbòrí, sílíńsà, ibi tí èéfín ń gbà jáde, gbọ́dọ̀ ní irin tí kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ kàn án, tó bá gbóná. Tẹ́ ẹ bá fún un níná tẹ́ ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ kíá. Èyí tó bá ń lọ́ra tàbí tó há, ẹ má rà á. Kẹ́ ẹ tún wò ó bóyá ẹnì kan ti yọ síkúrúù tó ń dín eré kù dànù.

Owó àṣíborí yẹ kó ti wà nínú owó tẹ́ ẹ mú lọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, tó bo àgbọ̀n, tó ní àmì DOT tàbí ECE, ìyẹn àmì ìlànà ààbò ti Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù. Ti àgbàlagbà tí wọ́n ki aṣọ sínú rẹ̀ kò dára, ó ń wúwo lé ọrùn ọmọ. Ẹ dè é, ẹ dì í mú, kẹ́ ẹ sì mì í díẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ máa bá a yí. Tí àṣíborí bá yí tí ojú ọmọ kò yí, ó fẹ̀ jù. Tó bá ti fi gbá nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ẹ ra òmíràn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, awò ààbò ojú, ìbọ̀wọ́, aṣọ alápá gígùn, ṣòkòtò tó nípọn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀.

Ibi tó ti máa gùn ún ńkọ́? Pápá tó tẹ́jú, tí kò ní igi, tí mọ́tò mìíràn kì í kọjá. Kì í ṣe títì ọlọ́dà. Èèyàn lè rò pé títì ló rọrùn jù torí pé ó ń dán, àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣe ATV kọ́ nìyẹn. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pá kan ló ń yí táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá fẹ́ yà, táyà tó wà lápá òde ní ọ̀nà tó jìn jù láti rìn, nítorí náà ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ yọ̀. Lórí erùpẹ̀, á yọ̀. Lórí ọ̀dà, táyà rẹ̀ tó rọ̀ yẹn á di ilẹ̀ mú, mọ́tò á sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ìjókòó rẹ̀ gùn, ìyẹn kò ní kí ọmọ gbé àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n ṣe é gùn kí ẹni tó ń wà á lè máa sún síwá sẹ́yìn ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tiwa, ogún ìṣẹ́jú la lò. Mo to kóònù mẹ́rin sílẹ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣe kò ju kó lọ, kó dúró, kó lọ, kó dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí ọgbà onígi yẹn, ó ń wò wá. Nígbà tá a ṣetán, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo so ó mọ́ èyí tí mo fi ń ṣílẹ̀kùn ilé, níbi tó wà títí dòní.