Lẹ́tà ayédèrú tó pe ara rẹ̀ ní Google, àti bí mo ṣe gba àpótí ímeèlì ẹgbẹ́ wa padà

₦60,000 ni ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kan san sápò gbájúẹ̀, nítorí lẹ́tà tó gbé nọ́ńbà báǹkì tuntun, tó sì ti inú ímeèlì ẹgbẹ́ gan-an jáde. Owó náà ti lọ ráúráú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé lẹ́tà tí wọ́n fi gba àpótí yẹn lọ́wọ́ akọ̀wé kò tilẹ̀ lọ́gbọ́n nínú. Èmi ni wọ́n ní kí n tún un ṣe, ní Adó-Èkìtì níbí, mo sì tún un ṣe.

Lẹ́tà náà ní àpótí ti kún, pé tí akọ̀wé kò bá tẹ bọ́tìnnì búlúù ìsàlẹ̀ láàárín wákàtí 24, gbogbo lẹ́tà á pa rẹ́. Irọ́ gbuu. 15GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá kún, lẹ́tà tuntun ni kò ní wọlé mọ́. Kódà àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò, ó di ọdún 2 kí wọ́n tó lè pa á rẹ́. Ẹ lọ sí one.google.com/storage fúnra yín, ẹ ó rí iye tí ẹ ti lò. Tiwa kò tíì tó 2GB.

Ẹ má wo orúkọ tó wà lókè lẹ́tà, ohun tó bá wu olè ló lè kọ síbẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ líǹkì náà mọ́lẹ̀ láìgbé e kúrò, àdírẹ́sì rẹ̀ á yọjú. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni fóònù kékeré máa ń fi hàn, nítorí náà, ẹ kọ́pì rẹ̀ sínú nóòtì kí ẹ lè kà á tán. Tiwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú accounts.google.com lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe “/”, dọ́ọ̀tì mìíràn ni, àti orúkọ kan tí a kò gbọ́ rí. Ẹni tó ni orúkọ ìkẹyìn yẹn ló ni ojú ewé náà. Ẹ wá “/” àkọ́kọ́ lẹ́yìn https://, kí ẹ padà sẹ́yìn: ọ̀rọ̀ méjì tó kángun sí i ni ẹ ó kà, mẹ́ta tó bá jẹ́ .com.ng tàbí .gov.ng. Àmì àgádágodo ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì kò fi nǹkan kan hàn. Olè náà lè gbà á.

Ẹ má sì torí pé ẹ rí google.com kí ọkàn yín balẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn kan rí ọ̀nà fi lẹ́tà ránṣẹ́ tó gbé no-reply@google.com lórí, tó sì yege àyẹ̀wò DKIM, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé ilé-iṣẹ́ tó ni àdírẹ́sì ló fọwọ́ sí lẹ́tà. sites.google.com ni líǹkì rẹ̀ ń lọ, ibi tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ojú ewé tirẹ̀ sí. accounts.google.com ni wọ́n ti ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù Google. Bí lẹ́tà bá ní ẹnì kan fẹ́ wọlé sí àkáǹtì yín, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ myaccount.google.com/notifications. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣí lẹ́tà náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta orí rẹ̀, kí ẹ yan Report phishing.

Pípààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù kò le. Gbájúẹ̀ ti yí nọ́ńbà fóònù tí a fi ń gba àkáǹtì padà, ṣùgbọ́n Google ṣì ń gba ti àtijọ́ fún ọjọ́ 7, ìyẹn ló yọ wá. Mo lé gbogbo fóònù àjèjì jáde. Mo rò pé ó parí.

Kò parí rárá! Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pariwo pé àwọn ti fèsì, àwa kò rí ẹyọ kan. Mo tú fóònù títí, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, kò sí. Àṣé áàpù Gmail orí fóònù kò ní ibi tí wọ́n ti ń rí Filters, ìyẹn àṣẹ tó ń darí lẹ́tà tó bá wọlé, rárá, àfi orí kọ̀ǹpútà. Iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ kò lépo, mo bá gba ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Òkèṣà lọ, owó lórí owó. Settings, See all settings, Filters and Blocked Addresses: ibẹ̀ ló wà. Gbájúẹ̀ ti pàṣẹ pé lẹ́tà yòówù tó bá ní “account” tàbí “payment” nínú, kí ó di èyí tí a ti kà, kí ó sì bọ́ sí Trash, ibi ìdalẹ̀nù, lójú ẹsẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo sì wo Forwarding náà, ibi tí wọ́n ti lè ní kí lẹ́tà wa máa lọ sí àdírẹ́sì mìíràn.

Trash máa ń tọ́jú lẹ́tà fún ọjọ́ 30, ibẹ̀ ni mo ti rí ti ẹni tó sanwó náà: “Ẹ kú iṣẹ́ mà, ṣé ẹ̀yin lẹ fi nọ́ńbà account tuntun yìí ránṣẹ́?” Ó béèrè o! Olè ló dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nítorí náà, tí ẹ bá ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù tán, ẹ wo Filters kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Èmi ni mo fi í kẹ́yìn, ó sì gba àkókò. Mo ti fi Authenticator, áàpù tó ń pèsè kóòdù ìwọlé, sórí fóònù akọ̀wé àti ti akápò, n kò lo kóòdù SMS, torí wọ́n lè gba síìmù mọ́ èèyàn lọ́wọ́. A kì í fi nọ́ńbà báǹkì ẹgbẹ́ ránṣẹ́ lórí ímeèlì mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó pe akápò lórí fóònù.