Dígí inú kéèjì budgie: ohun tó ná mi kí n tó rí i yọ

Dígí kékeré kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ló sọ mí di oníbàárà dókítà ẹranko. Owó tí mo san níbẹ̀ ju iye tí mo fi ra ẹyẹ, kéèjì àti oúnjẹ rẹ̀ lápapọ̀ lọ, inú sì ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó ta budgie náà, irú ayékòótọ́ kékeré kan, fún mi ló kó dígí mọ́ ọn. Ó ní ẹyẹ tó bá dá wà máa ń ṣàárò, pé tó bá ti ń rí ojú ẹyẹ nínú dígí, ara á tù ú. Ohun kan náà ni wọ́n kọ sára páálí dígí ọ̀hún: ọ̀rẹ́ fún ẹyẹ rẹ.

Ọ̀rẹ́ wo? Budgie kì í mọ̀ pé ara òun lòun ń wò, ẹyẹ mìíràn ló gbà pé òun rí. Ọsirélíà ni wọ́n ti wá, ọ̀wọ́ rẹpẹtẹ ni wọ́n sì máa ń kó fò níbẹ̀ tí wọ́n bá ń wá omi àti hóró koríko. Bí akọ bá fẹ́ fa ojú abo mọ́ra, á mi orí sókè sódò, á dá hóró tó ti gbé mì padà sẹ́nu, á fi bọ́ ọ. Ohun tí Àkànní, ẹyẹ tèmi, ń ṣe fún dígí látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Dígí ò sì lè gbé nǹkan mì. Hóró jéró tútù á lẹ̀ mọ́ ọn, á gbẹ, òmíràn á tún lẹ̀ lé e, á máa rùn, ẹyẹ á tún padà wá ha á jẹ. Tí mo bá na ọwọ́ láti nù ún, á gé mi jẹ.

Budgie tó ti dàgbà sábà máa ń wúwo tó 30 sí 40 gíráàmù. Gíráàmù 3 péré tó bá yọ lára rẹ̀, nǹkan ńlá ló yọ yẹn. Nígbà tí mo máa fọwọ́ kan àyà Àkànní, eegun ibẹ̀ ti mú bí ojú ọ̀bẹ. Dókítà fi òwú gba nǹkan lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kòkòrò àìsàn ti gbilẹ̀ nínú àpò ọrùn tí oúnjẹ kọ́kọ́ máa ń dúró sí. Òun ló ṣàlàyé ohun tí ẹnì kankan ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀: ẹyẹ tó bá ń mi orí sókè sódò, tó dojú kọ ohun kan ṣoṣo, ìfẹ́ ló ń ṣe. Èyí tó bá ń ju orí sọ́tùn-ún sósì, tí hóró ń fọ́n ká, tí ìyẹ́ orí rẹ̀ tutù tó lẹ̀ pọ̀, èébì ni ìyẹn, ẹ tètè gbé e lọ. Àkànní ti kúrò ní ti àkọ́kọ́ bọ́ sí èkejì. Oògùn lílò ò le, ẹ ṣáà tẹ̀lé ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe.

Yíyọ dígí kúrò ló fẹ́ pa mí. Òru ni mo yọ ọ́, nígbà tó ń sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó rọ̀ mọ́ ibi tí dígí wà, ó ń ké tantan. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ohun tó rú mi lójú ni pé ó ń jẹun, ó ń lo oògùn, síbẹ̀ òṣùwọ̀n kò kúrò lójú kan. Mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì, mo ń ṣọ́ ọ. Àṣé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ni! Abọ́ onírin tó ń dán ni, ó sì ti rí ojú ẹyẹ kan lára rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mi orí, inú abọ́ kan náà tó ti ń jẹun ló tún ń dá a padà sí.

Mo pààrọ̀ abọ́ sí èyí tí kò dán. Ó kọjá sọ́dọ̀ agogo kékeré tó rọ̀ lókè. Mo já agogo. Tó bá di alẹ́, tí ìta ṣú tí iná ilé wà ní títàn, gíláàsì fèrèsé á di dígí, ó tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ojú fóònù tí mo gbé sórí tábìlì pàápàá kò bọ́. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ẹ̀ gbé kéèjì padà fún ẹni tó tà á. Kí ló dé tí wọn kò kọ èyí sára páálí?

Ohun tó bá mi ṣẹ́gun ni iná. Dókítà ní tí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ jù lójoojúmọ́, ara ẹyẹ á gbà pé àsìkò ìbímọ ti dé. Mo wá ń fa kọ́tìnì, mo ń da aṣọ bo kéèjì kílẹ̀ tó ṣú dáadáa, kí òkùnkùn rẹ̀ lè tó wákàtí 12. Mo fi bébà fífà ya àti ewé dípò ohun tí mo kó kúrò. Díẹ̀díẹ̀, orí mímì dáwọ́ dúró. Ẹyẹ tí kì í fẹ́ rí ọwọ́ mi wá ń bà lé ìka mi, tí mo bá súfèé, á dá mi lóhùn. Inú mi dùn gan-an, kò sẹ́ni tó bá mi ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni mo ra akọ kejì. Ẹ wo ara tó yí ihò imú ká: ti akọ àgbà sábà máa ń jẹ́ búlúù, ti abo máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Yàrá ọ̀tọ̀ ló kọ́kọ́ wà fún nǹkan bí oṣù kan, nítorí àìsàn, kí n tó gbé kéèjì wọn sún mọ́ra. Àkànní ń bọ́ ọ báyìí, ìyẹn sì ń gbé e mì.

Tí dígí bá ti wọ tiyín lára, ẹ má kàn yọ ọ́ kẹ́ ẹ fi ẹyẹ sílẹ̀ lófo. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó ń dán kúrò, bẹ̀rẹ̀ látorí abọ́. Kẹ́ ẹ sì máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀ kó tó jẹun, torí ìyẹ́ budgie máa ń bo rírù mọ́lẹ̀ títí ó fi pẹ́ jù.