Bí mo ṣe pa blower ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wa lẹ́nu mọ́

6-71 ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa, irú èyí tí General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1938. Two-stroke ni (ìlọ àti àbọ̀ písítìnì kan ló fi ń parí iṣẹ́ rẹ̀), kò lè fa afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, blower ló ń tì í wọ inú sílíńdà. Igbe rẹ̀ ti ń fọ́ wa lórí.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnu èéfín ni. Rárá o, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló ti ń ké. Ẹnìkan ti yọ silencer ibẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pa ariwo, tipẹ́.

Mo fi irin ṣe àpótí sí ẹnu rẹ̀, mo tẹ́ fóòmù tí kì í tètè gbaná sínú, mo sì fi irin oníhò wẹ́wẹ́ bò ó pinpin. Ẹ má fo irin oníhò yìí o! Bí fóòmù bá já wọ àárín rotor, ìyẹn àwọn irin tó ń yí nínú blower, blower lè bàjẹ́. Mo jẹ́ kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ fẹ̀ dáadáa; bí èéfín dúdú bá ń yọ, ó ti há jù nìyẹn. Ìlẹ̀kùn tó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì tó bá ń sá àsápajúdé, mi ò dí i lọ́wọ́ rárá.

Ó wá ku ìró kàn-kàn-kàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọlẹ̀. Spring inú coupling, ìyẹn ohun tó so blower mọ́ ẹ́ńjìnnì tó sì ń yí i, ló ti gbó. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ní báyìí, a ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nídìí ìtukọ̀ láì pariwo.