Ọ̀bẹ Ló Ń Fi Inú Iṣu Hàn: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé lórí Àyẹ̀wò Àrùn Ìbálòpọ̀

Okun o, ẹ̀yin àgbẹ̀ Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Owé àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìtọ́jú ilé.

Gbogbo wa la mọ iṣu tó ń jẹrà lábẹ́ èèpo. Ẹ ó kó o wọ àká, ara rẹ̀ á máa dán, ẹ ó gbé e lọ́wọ́, á wúwo dáadáa. Ọjọ́ tí ọ̀bẹ bá kàn án lẹ tó máa rí i pé abẹ́ èèpo ti dúdú, ó ti gbẹ bí igi. Kòkòrò tó bà á jẹ́, inú ebè ló ti bá a wá, kò sì sí ẹni tó fi ojú lásán rí i. Bí púpọ̀ nínú àwọn àrùn tí ìbálòpọ̀ ń ràn ṣe rí lára ènìyàn nìyẹn. A ó jẹun, a ó roko, a ó sì máa kó o ran ẹni tí a fẹ́ràn jù. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ṣáájú ọ̀rọ̀ oògùn.

Àwọn tí kì í dun ni

Àtọ̀sí ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọkùnrin tó bá kó o sábà máa ń mọ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí ọ̀sẹ̀ kan: ìtọ̀ á máa ta á bí ata, ọyún á máa jáde lójú okó. Ṣùgbọ́n obìnrin tó kó àtọ̀sí kan náà lè má rí nǹkan kan rárá. Kílámídíà, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, tún fara pamọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin pàápàá kì í mọ̀ pé ó wà lára àwọn. Tí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á gun inú ilé ọmọ lọ, wọ́n á dí ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà kọjá. Oyún lè wá dúró síta ilé ọmọ, tàbí kí obìnrin má lè lóyún mọ́. Lára ọkùnrin, kórópọ̀n lè wú, ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà sì lè bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Nílẹ̀ wa, tí ìyàwó kò bá tètè lóyún, òun nìkan la ń mú kiri, láti ọ̀dọ̀ wòlíì dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, tí àwọn ìyá ọkọ á sì máa sọ̀kò ọ̀rọ̀. Ọkọ á jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ àtọ̀sí tí ọkọ fi kápúsù mélòó kan pa lẹ́nu mọ́ nígbà tó wà ní àpọ́n ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Tí ọmọ bá ń pẹ́, àwọn méjèèjì ni kí wọ́n jọ lọ ṣàyẹ̀wò, lọ́jọ́ kan náà. Bí ilé bá sì ní ìyàwó méjì tàbí mẹ́ta, gbogbo wọn ni.

Rẹ́kórẹ́kó, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní sífílísì, tilẹ̀ ní ọgbọ́n ẹ̀tàn ju àwọn yòókù lọ. Egbò kan ni yóò kọ́kọ́ jáde, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ènìyàn kó o. Kò ní dùn ún. Tó bá jẹ́ inú ojú ara obìnrin ló wà, kò ní rí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, egbò náà á jinná fúnra rẹ̀, ẹ lo oògùn o, ẹ ò lo oògùn o. Ibẹ̀ ni àgbo ti ń gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀: ẹni tó mu àgbo nígbà tí egbò ń jinná lọ á ní àgbo ló wò ó, á sì lọ júwe rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Àrùn náà ò kúrò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mélòó kan, ara lè sú, títí dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì ní yún un. Ìyẹn náà á tún lọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ló lè wá jáde lójú, lọ́kàn tàbí nínú ọpọlọ. Aboyún tó ní i lè bí òkú ọmọ, tàbí kí ọmọ bá a wáyé. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì ló ń wò ó, àní tí a bá tètè rí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń gún un.

HIV, kòkòrò apa sójà ara, lè gbé inú ènìyàn fún ọdún púpọ̀ láì fi ara hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítísì B, tó ń ràn ju HIV lọ: yàtọ̀ sí ìbálòpọ̀, ó ń gba ara abẹ fífá irun, ọ̀bẹ ìdákọ́ àti abẹ́rẹ́ tí a jọ lò kọjá.

Kì í ṣe ilé ìgbẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àṣà lẹ́nu wa: tí obìnrin bá ti ń rí omi tó ń rùn lójú ara rẹ̀, wọ́n á ní ilé ìgbẹ́ ló ti kó o, pàápàá àwọn ọmọ wa tó ń gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kàbbà àti Lọ́kọ́jà. Mo mọ ìdí tí a fi fẹ́ràn orúkọ yẹn. Kò bu ẹnikẹ́ni lójú, kò sì fa ìjà láàárín tọkọtaya. Ṣùgbọ́n kòkòrò àtọ̀sí àti kílámídíà kì í pẹ́ kú tí wọ́n bá ti kúrò lára ènìyàn, ojú ìjókòó ilé ìgbẹ́ kọ́ ni wọ́n ti ń ranni. Omi funfun tó ń yúnni, tó dà bí wàrà tó dì, kì í sábà jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀ rárá. Ó lè jáde lẹ́yìn oògùn tí a lò fún nǹkan mìíràn, tàbí nígbà oyún. Nọ́ọ̀sì ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ta ìgò oògùn stafilokọ́kọ́sì lọ́jọ́ ọjà kò lè yà á sọ́tọ̀. Orí awọ ara àti inú imú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le ni kòkòrò yẹn ń gbé, kò sì sí nínú àwọn àrùn ìbálòpọ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Ohun tó ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù jù ni ohun tí wọn kò tíì rí rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Yàrá kékeré ni. Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀, á sì béèrè bóyá ẹ gbà kó ṣe é. Á fi òwú tó rin fún sípírítì nu orí ìka yín, á gún un ní ẹ̀ẹ̀kan, bí ẹ̀gún ṣe ń gún ni. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde ò ju hóró ọkà bàbà kan lọ. Á kán an sórí ohun àyẹ̀wò pẹlẹbẹ kan, á kán omi díẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ ó sì jókòó fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ìlà kan níbi tó yẹ kó wà, kò rí kòkòrò HIV nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìlà méjì, kò ní pariwo, kò sì ní dá yín lẹ́jọ́; irú àyẹ̀wò mìíràn ni yóò tún fi wò ó kó tó sọ ohunkóhun. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka báyìí náà ni wọ́n lè fi wo rẹ́kórẹ́kó àti hẹpatáítísì B, ẹ sáà béèrè fún un. Ti àtọ̀sí àti kílámídíà yàtọ̀: ìtọ̀ tàbí omi ojú ara ló ń lọ sí láàbù, kì í sì í ṣe gbogbo ibùdó ìlera kékeré ló ní in. Níbi tí kò bá ti sí, òṣìṣẹ́ ìlera lè fi àmì tó rí tọ́jú yín.

Ó ní àkókò. Ẹni tó bá ẹnìkan lò pọ̀ ní àná kò lè fi àyẹ̀wò òní mọ gbogbo òtítọ́. Fún HIV àti rẹ́kórẹ́kó, ẹ ṣe é nísinsìnyí, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rò pé HIV lè ti kàn yín, bóyá rọ́bà (kọ́ńdọ́ọ̀mù) ló ya tàbí wọ́n fipá bá ẹnìkan lò, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta o! Oògùn kan wà tí ń dí i lọ́nà, wákàtí 72 ni gbèdéke rẹ̀, ó sì sàn kí ẹ ti dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Ẹ gun ọ̀kadà lóru tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ìtìjú? Mo mọ̀ pé ìlú wa kéré, nọ́ọ̀sì lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá yín. Ará Ìsánlú lè gba Ẹ̀gbẹ̀ lọ, ará Mopa lè lọ sí Kàbbà, ẹ lè pa á pọ̀ mọ́ ọjọ́ ọjà kí ẹnikẹ́ni má béèrè ibi tí ẹ ń lọ. Ọ̀fẹ́ ni oògùn HIV nílé ìwòsàn ìjọba. Ní ti àwọn àyẹ̀wò, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 kò sì fàyè gba kí wọ́n lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nílé ìwé nítorí pé ó ní HIV.

Kápúsù pupa àti yẹ́lò

Mo rí àgbẹ̀ kan, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, tó ti ra kápúsù pupa àti yẹ́lò ní kẹ́míìsì ní ìgbà mẹ́ta láàárín ọdún kan. Mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́, ó parí. Ọyún á dá, ó tún máa padà. Nígbà tó wá sọ́dọ̀ wa ní ibùdó ìlera, ìbéèrè kan péré la bi í: “Baba, ta ló tọ́jú ìyàwó yín?” Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sẹ́ni tó tọ́jú ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba oògùn, tí ìwọ̀nba tó gbà kò sì lè pa àrùn náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì tún padà sórí ẹní kan náà. Àtọ̀sí ti kọ́ bí a ṣe ń bá ọ̀pọ̀ oògùn àtijọ́ jà, kápúsù yẹn sì wà lára wọn. Abẹ́rẹ́ tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yàn ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ báyìí, ọkọ àti aya ló sì ń gbà á pọ̀, kí wọ́n sì fi ìbálòpọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀.

Rọ́bà

Kọ́ńdọ́ọ̀mù dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ló ń bà á jẹ́. Ìgbà kaṣú, owó dé, àlejò dé, rọ́bà wà lábẹ́ àga ọ̀kadà láti oṣù kejì, oòrùn ń sè é. Ìyẹn ti bàjẹ́. Ibi tútù ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe àpò ṣòkòtò ẹ̀yìn. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i, ẹ tẹ ọ̀rá rẹ̀ wò: tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ó ṣì dára. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ya á, kì í ṣe eyín. Ẹ fún orí rẹ̀ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́, kí ẹ yí i sọ̀ dé ìdí. Ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, nítorí méjì tó ń ha ara wọn ló ń ya.

Èyí tó kan ilé wa gan-an ni òróró. Òrí, àdí, epo pupa, ìpara tí a fi ń para, gbogbo wọn ló ń jẹ rọ́bà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó, á ti rọ̀, á sì ya níbi tí ẹ kò fura sí. Tí ara bá gbẹ, ẹ béèrè ìpara olómi tó wà fún un ní ilé oògùn. Kọ́ńdọ́ọ̀mù obìnrin náà wà, obìnrin ló ń wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Egbò rẹ́kórẹ́kó tó wà níbi tí rọ́bà kò bò ṣì lè ranni, ìyẹn ni rọ́bà kò ṣe lè gba ipò àyẹ̀wò.

Fún àwọn ọmọ: abẹ́rẹ́ hẹpatáítísì B, ọjọ́ tí a bí i ni kí wọ́n ti gún un. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà sì ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ẹ mú wọn lọ gbà á kí wọ́n tó mọ ọkùnrin.

Bí ẹ ṣe lè sọ ọ́ nílé

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ta lo lọ bá?” Ìjà nìyẹn. Ẹni tó ti ìlú Èkó tàbí Àbújá dé fún ọdún Kérésì lè sọ pé: “Ìyá Fẹ́mi, ó ti pẹ́ tí mo ti lọ, jẹ́ ká jọ lọ yẹ ara wa wò kí a tó sùn pọ̀.” Ìyàwó náà lè sọ pé wọ́n ní kí ọkọ òun tẹ̀ lé òun lọ fún ìtọ́jú aboyún. Òótọ́ ni, wọ́n ń fẹ́ kí ọkọ wá. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn máa ń nà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ẹ tó sọ fún un nílé.

Tí èsì HIV bá sì jáde pé ó wà, oògùn kan lójoojúmọ́ ni. Ẹni tó ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tó ń bá lò pọ̀, aboyún tó ń lò ó náà sì lè bí ọmọ tí kò ní in. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ahéré nígbà ebè kíkọ, ẹ sọ fún wọn níbi tí ẹ ti ń gbà á pé oko yín jìnnà: wọ́n lè fún ẹni tí ara rẹ̀ ti dúró ní ti oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí méjì, kí ìgò kan wà nílé, kí ìkejì wà ní ahéré, nínú agolo tó ní ìdérí, lókè, níbi tí òjò àti eku kò lè dé.