Àwọn àṣìṣe tí àwa tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké àkàndá ẹ̀dá máa ń ṣe tá a bá lọ sí àpérò

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmúmọ́ra àwọn ọmọ. Àsìkò àpérò tún ti ń sún mọ́, àwọn èèyàn ti ń bi mí lórí WhatsApp pé kí ni káwọn mú dání, irú aṣọ wo làwọn máa wọ̀, èló lowó ọkọ̀ láti Challenge dé Yunifásítì Ìbàdàn, kò tíì sẹ́ni tó bi mí pé kí ni kóun má ṣe, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà tó nílò àmójútó ọ̀tọ̀ n'Íbàdàn níbí, púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi náà ti ṣe é rí.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn lọ láìmọ ohun tó ń wá lọ. A máa ń sọ pé a fẹ́ lọ kọ́ nǹkan tuntun. Nǹkan tuntun wo? Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo kọ ìwé kan kún, gbogbo ohun tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ gbé sára ògiri ni mò ń dà kọ, ìgbà tí mo padà dé kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan tí kì í sọ̀rọ̀, tó máa ń fọwọ́ di etí sunkún nígbàkúùgbà tá a bá ní kó kúrò nídìí eré wá jẹun, ó sunkún bó ṣe ń sun ún tẹ́lẹ̀, mo dúró tì í mò ń wò ó, ìwé tí mo kọ kún yẹn ò sọ nǹkan kan fún mi.

Lọ́dún kejì mo kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sẹ́yìn káàdì orúkọ tí wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn: báwo lọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ṣe máa mọ ohun tó kàn? Orí ìlà oúnjẹ ni mo ti bi màmá kan tó dúró níwájú mi, kì í ṣe ẹni tó wá sọ̀rọ̀ lórí pèpéle o, tíṣà bíi tèmi ni. Wọ́n ní ṣé mo lè rí páálí Indomie. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní kí n gé e pẹlẹbẹ, kí n lẹ àwòrán ohun tá à ń ṣe lọ́wọ́ sápá òsì, kí n lẹ àwòrán ohun tó kàn sápá ọ̀tún, èyí kọ́kọ́, ìyẹn tẹ̀lé e, kí n máa gbé e síwájú ọmọ náà kí n tó la ẹnu rárá, kí n sì jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí àwòrán èyí tó bá ti parí kúrò. First-then board ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yé e, àmọ́ nígbà tó yá ọmọ yẹn máa ń fa àwòrán abọ́ oúnjẹ náà jáde kí n tó pè é. Torí náà ẹ mú ọmọ kan, ọmọ kan péré, ẹ gbé e sọ́kàn wọ họ́ọ̀lù, gbogbo ohun tí wọ́n bá ń sọ, ẹ máa bi ara yín pé kí lèyí fẹ́ ṣe fún un.

Bá a ṣe ń fi kíláàsì sílẹ̀ náà, ó máa ń dùn mí. Àwọn ọmọ wa, pàápàá àwọn tó ní autism, ìyẹn àwọn tí ọpọlọ wọn ń gba nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọmọ yòókù, ìyípadà òjijì máa ń dà wọ́n láàmú, a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tá a fẹ́ lọ gbọ́ sí i nìyẹn, síbẹ̀ a ó kàn dìde lọ fún ọjọ́ mẹ́ta láìsọ fún wọn, wọ́n á dé lọ́jọ́ Túsìdeè wọ́n á bá ojú tí wọn ò rí rí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Kí tíṣà tó máa dúró fún yín wá máa jókòó nínú kíláàsì lójoojúmọ́, bó ṣe wákàtí kan ni, ẹ lẹ fọ́tò ẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, ẹ ya àpótí mẹ́ta sórí páálí káwọn ọmọ máa fagi lé ọjọ́ tó bá ti lọ. Ẹ sì kọ̀wé sílẹ̀ fún tíṣà náà nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan: ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun lórí, ẹni tí oúnjẹ líle máa ń há lọ́fun, ẹni tí gìrì máa ń gbé. Ti gìrì yìí, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n kó ohun líle kúrò nítòsí ẹ̀, kí wọ́n má di í mọ́lẹ̀, kí wọ́n wo aago, tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Kí wọ́n má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu rárá! Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa ṣì gbà pé ṣíbí ló ń ṣiṣẹ́, eyín ọmọ ló ń fọ́.

Ti fọ́tò àti fídíò, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Mo wà níbi àpérò kan tí tíṣà kan ti gbé fídíò ọmọ kan síta, ọmọ náà ń fi orí gbálẹ̀, ó ń ké, ojú ẹ̀ hàn, yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ hàn, obìnrin kan lẹ́yìn mi wá ní, "Háà, ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyí." Kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú ìyá ọmọ náà ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ò fi mú ọmọ wá síléèwé, ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tọdún 2003 sọ pé ọmọdé náà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo àwòrán ọmọ, ẹ jẹ́ kí òbí ẹ̀ buwọ́ lù ú nínú ìwé, ní èdè tó gbọ́, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ fi hàn fún un, kẹ́ ẹ sì bo ojú ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó náà, tí wọ́n bá gbé àwòrán ọmọ síta ẹ má yà á sórí fóònù, ẹ má gbé e sí status.

Ẹ ṣọ́ ẹnu yín nínú họ́ọ̀lù. Àwọn òbí wà níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá fúnra wọn wà níbẹ̀, ẹ ó máa sọ ìtàn "dìndìnrìn kan báyìí tó wà ní kíláàsì mi". Ọmọ tó ní autism ni, ọmọ tó ní Down syndrome ni, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń bí mọ́ ọmọ tí kì í jẹ́ kó tètè kọ́ nǹkan, ọmọ ni ẹ kọ́kọ́ pè é. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bá adití sọ̀rọ̀, òun ni kẹ́ ẹ kọjú sí, ẹ má kọjú sí ògbufọ̀ kẹ́ ẹ máa ní "ẹ bá mi sọ fún un". Ìlú wa yìí ni Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà, ti wá dá iléèwé àwọn adití sílẹ̀ ní 1960, ó yẹ kí irú èyí ti tán láàárín wa.

Àwọn kan tún máa ń gbọ́ IFSP (Individualized Family Service Plan) àti IEP (Individualized Education Program), wọ́n á délé wọ́n á ní káwọn ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ámẹ́ríkà, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì ó ti sú wọn. Ìwé ètò tí wọ́n ń kọ fún ọmọ àkàndá ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ni méjèèjì, ohun tó máa kọ́ àti ìrànwọ́ tó máa rí gbà ló wà nínú ẹ̀. IFSP wà fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ìdílé ẹ̀, IEP wà fún ọmọ ọdún mẹ́ta sókè, òfin wọn kan lórí ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá tó ń jẹ́ IDEA ló sì gbé wọn dúró, tí wọn ò bá ṣe é, òbí lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè mú wálé ni pé kẹ́ ẹ pe ìdílé jókòó, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́mọ lè ṣe nílé. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà sọ fún mi pé ti A B D ò tíì kan òun, òun kàn fẹ́ kọ́mọ òun lè di kọ́ọ̀bù mú kó mu omi fúnra ẹ̀ torí òun nìkan lòun wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tá a dojú kọ fún gbogbo táàmù yẹn nìyẹn, kọ́ọ̀bù ọlọ́wọ́ méjì, omi díẹ̀ nísàlẹ̀, ọwọ́ mi lórí ọwọ́ ẹ̀, títí tí mo fi lè mú ọwọ́ mi kúrò.

Ẹ má sì jẹ́ kí òfin àwọn ará òkèèrè mú yín gbàgbé tiwa. Oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó lòdì sí fífi ẹ̀tanú bá àkàndá ẹ̀dá lò, ó sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn títí dé sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì fún àwọn ilé táráàlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ṣàtúnṣe káwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé ní 2024. Kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ bi wọ́n pé ṣé àtẹ̀gùn nìkan ló wà ní họ́ọ̀lù yẹn.

Ẹni tó bá patẹ oògùn sẹ́nu ọ̀nà pé ó ń wo autism sàn, ẹ kọjá lára ẹ̀. Kò sóògùn bẹ́ẹ̀. Ẹ má gba nọ́ńbà ẹ̀ fún òbí kankan.

Ọ̀nà ńkọ́? Ẹni tó ń bọ̀ láti Challenge kó má dá máíkírà dúró ní aago mẹ́jọ fún nǹkan tó máa bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́jọ ààbọ̀, Mọ́kọ́lá sí Sáńgò nìkan lè jẹ gbogbo àárọ̀ yín. Ẹ má sì jókòó pọ̀ bíi mọ̀lẹ́bí, ẹ̀yin mẹ́rin láti iléèwé kan, ẹ pín ara yín sí yàrá mẹ́rin tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí tó kù ni pé tá a bá padà dé, ọ̀gá nìkan la máa ń jábọ̀ fún. A ó kọ ìròyìn ojú ewé mẹ́fà, a ó lẹ sáàtífíkéètì mọ́ ọn, ó parí. Nánì tó ń bá àwọn ọmọ lọ sílé ìtọ̀, tó ń nù wọ́n lẹ́nu, tó ń dá wọn dúró de ìyá wọn lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un, bẹ́ẹ̀ òun ló wà pẹ̀lú wọn nígbà tí nǹkan le jù. Mo pe tiwa jókòó lọ́jọ́ Fúráídeè kan, mo fi páálí yẹn hàn án, mo ṣàlàyé fún ogún ìṣẹ́jú. Ó wò ó, ó ní, "Àńtí, ilé ìtọ̀ ò sí níbẹ̀ o, ibẹ̀ ló sì ti máa ń bú sẹ́kún jù." Òótọ́ ni, n kì í bá a débẹ̀. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè ó ti fi báírò ya póò aláwọ̀ búlúù tá a ń lò sórí páálí kékeré kan, ó lu ihò sí i, ó fi okùn so ó kọ́ ìlẹ̀kùn níbi tójú ọmọ náà máa tó o.